Àwọn Lùkùmí àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Sípéènì
Àwa ọmọ Odo-Ape tá à ń kọ́ èdè Sípéènì lórí fóònù, hablo, hablas, habla, hablamos ló ń dà wá láàmú. Lọ́dọ̀ wa, mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, a sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe ò mira. Me lavo ò le, ṣebí a ní “mo wẹ ara mi”. Me levanto ló pani lẹ́rìn-ín: mo gbé ara mi dìde! Àwa kàn ń dìde ni.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, ti bá a pàdé ṣáájú wa, láìsí tíṣà, nínú oko ìrèké. Esteban Pichardo, tó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Kúbà jáde ní 1836, kọ ọ́ pé èdè àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfíríkà dé dàrú, pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Yo habla, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ìdàrú kọ́ o. Ẹni tó bá ń fi etí nìkan kọ́ èdè, ẹyọ kan tó ń gbọ́ jù ló máa dì mú. Àwọn ará Kóńgò náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn ń yí nílé. Ti Lùkùmí kàn bá ti ilé mu ni.

Oko ẹrú parí ní Kúbà ní 1886. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ hablo, hablas bí onílé. Nínú orin òrìṣà wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ṣì dúró bó ṣe wà.