Àìtó Ọ́síjìn àti Awọ Inú Ihò Egungun Ojú: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Àrùn Sáínọ́ọ̀sì

Ìfáárà

Ihò mẹ́rin ló wà nínú egungun ojú ènìyàn lápá ọ̀tún, mẹ́rin sì wà lápá òsì. Àwọn ni à ń pè ní sáínọ́ọ̀sì. Ọ̀nà tóóró ni wọ́n gbà já sínú imú. Bí imú bá dí tàbí tó ń da ikun, tí ojú ń roni tàbí tí a kò gbóòórùn dáadáa mọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí àrùn sáínọ́ọ̀sì ti di bárakú. Bakitéríà la sábà máa ń dá lẹ́bi. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àìtó ọ́síjìn nínú ihò tó dí kì í ṣe àbájáde àrùn náà nìkan. Òun pẹ̀lú wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ó pẹ́ lára.

Iṣẹ́ awọ náà

Irun tíntín tó tó 200 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ihò náà. Irun wọ̀nyí ń jù fìrìfìrì nínú omi fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń ti ikun tó ru eruku àti kòkòrò àrùn lọ sí ẹnu ọ̀nà ihò. Messerklinger, oníṣègùn ará Austria, fi hàn pé ẹnu ọ̀nà àdáyébá yìí ni ikun ń forí lé. Bí ọ̀nà náà bá dí, ibi tí ikun ń gbà jáde dí nìyẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà sì dí.

Ohun tí àìtó ọ́síjìn ń ṣe

Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ọ́síjìn. Nígbà tí ihò bá dí, ẹ̀jẹ̀ inú awọ rẹ̀ á máa fa ọ́síjìn tó kù, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Aust àti Drettner ní Sweden wọn èyí nínú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ní àwọn ọdún 1970.

Ìpalára àkọ́kọ́ kan omi fẹ́lẹ́ náà. Ọ̀nà kan lára sẹ́ẹ̀lì, tí à ń pè ní CFTR, ló ń tú kúlóráìdì jáde, omi á sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Alabama, Amẹ́ríkà, kó sẹ́ẹ̀lì imú sínú afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 100. Ìtújáde kúlóráìdì dínkù. Omi á gbẹ, ikun á ki, irun kò sì ní lè tì í mọ́. Àwọn tí a bí pẹ̀lú àbùkù CFTR jẹ́rìí sí i: àrùn sáínọ́ọ̀sì kì í sábà yẹ̀ lórí wọn.

Ìpalára kejì wá láti ọwọ́ purotéènì HIF-1, tí Semenza ṣàwárí rẹ̀. Òun, Kaelin àti Ratcliffe ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019 fún iṣẹ́ lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ìwọ̀n ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá tó, ara á fọ́ HIF-1 túútúú. Bí kò bá tó, á kó jọ, á sì jí àwọn jíìnì kan. Iṣẹ́ kan láti Korea lọ́dún 2012 so ó mọ́ ẹran tó ń hù nínú imú: sẹ́ẹ̀lì awọ á tú lára ara wọn, wọ́n á sì yí padà.

Ààlà ẹ̀rí yìí

Inú àwo ìwádìí ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí yìí ti wá. Lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ń gbé ọ́síjìn wá láti abẹ́ awọ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ka ìdá 1 inú àwo sí ohun tó wà nínú ihò gbogbo aláìsàn.

Ìgúnlẹ̀

Síbẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀rí náà kọjú sí hàn kedere. Oògùn tí a ń fín símú láti dín wíwú kù, omi iyọ̀ tí a fi omi sísè tó ti tutù pò láti fọ imú, àti iṣẹ́ abẹ tó ń la ẹnu ihò, gbogbo wọn ló ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti padà wọlé. Èéfín sìgá ń ba CFTR jẹ́ bákan náà; kí aláìsàn jìnnà sí i. Kí ẹni tí imú rẹ̀ ti dí fún oṣù mẹ́ta má ṣe máa ra kápúsù jẹ lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì. Kí ó lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun.