Bamalli

Bamalli jẹ́ orúkọ ìdílé ní ìlú Zaria, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó so mọ́ ilé Mallawa, ọ̀kan nínú ìdílé mẹ́rin tó ń jọba ní Zazzau, ilẹ̀ ọba tí Zaria jẹ́ olú-ìlú rẹ̀.

Ìtumọ̀

Bí àwọn Haúsá bá fẹ́ sọ ibi tí ènìyàn ti wá, wọ́n a máa fi ba- síwájú orúkọ ìlú tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, -awa ló ń kẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ni Bahaushe, ọ̀pọ̀ ni Hausawa. Bẹ́ẹ̀ ni Bamalli ṣe jẹ́ ará Málì, tí Mallawa sì jẹ́ àwọn ará Málì. Méjì nínú àwọn ìdílé ọba yòókù, Bornawa àti Katsinawa, gba orúkọ tiwọn láti Borno àti Katsina. Orúkọ ẹ̀yà Fúlàní kan ni ti ìkẹrin, Sullubawa.

Orísun

Malam Musa, Fúlàní kan tó jẹ́ alùfáà, ló ṣe ìpilẹ̀ ilé Mallawa. Nígbà tí Usman dan Fodio gbé jìhádì dìde ní 1804, Musa gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀, ó lé Makau, ọba Haúsá tó wà lórí oyè, ó sì di Ẹ́mírì Fúlàní àkọ́kọ́ ní Zazzau. Orí oyè ló wà títí di 1821.

Lílò

Láyé ìgbà náà, orúkọ ẹni àti ti bàbá ẹni ló wọ́pọ̀. Ọmọ ilé Mallawa ni Aliyu dan Sidi, Ẹ́mírì tó jọba láti 1903 títí àwọn Òyìnbó fi rọ̀ ọ́ lóyè ní 1920, síbẹ̀ “ọmọ Sidi” ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ Òkè Ọya fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé: ibi tí wọ́n bí wọn sí ló wà nínú orúkọ Aminu Kano àti Abubakar Tafawa Balewa. Ibi tí àwọn baba ńlá ti ṣí kúrò ni Bamalli ń tọ́ka sí ní tirẹ̀. Àmọ́ orúkọ àlejò yìí ti wá dà bí Adé inú orúkọ Yorùbá: ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Zaria yóò ronú kan ààfin.

Àwọn tó gbajúmọ̀

Nuhu Bamalli ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà ìjọba Balewa. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nuhu Bamalli Polytechnic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1989. Ọmọ rẹ̀, Ahmed Nuhu Bamalli, di Ẹ́mírì ní oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ikú Shehu Idris tó lo ọdún 45 lórí oyè. Òun ni ọmọ Mallawa àkọ́kọ́ tó jọba láti ìgbà Aliyu dan Sidi. Nínú orúkọ rẹ̀, Ahmed ni tirẹ̀, Nuhu ni ti bàbá rẹ̀, Bamalli ni ti ilé.