Ojú irin tó gba Tchaourou kọjá

Àwọn ọmọ iléèwé wa ń fo ojú irin kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ní 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà láti Kútọnù. Ó gba Ìdàáṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou, ó sì dé Pàràkú ní 1936: kìlómítà 438. Ẹ̀ńjìnnì eléèéfín ló kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ náà, kí ti dísẹ̀lì tó dé. Ní 1959 ni ilé-iṣẹ́ àjọni Dahomey àti Niger gbà á, èyí tí a wá mọ̀ sí OCBN lẹ́yìn náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń la tiwọn. Irin wọn ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n àlàfo irin tiwa jẹ́ mítà 1, tiwọn sì fi mìlímítà 67 jù ú lọ. Kò tó ìbú ìka mẹ́rin, síbẹ̀ ọkọ̀ tiwa kò lè rìn lórí tiwọn. Ọmọ Oòduà kan náà, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, wọ́n tún ilé rélùwéè kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣe, Jaekel House, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwa ńkọ́? Irin tí a kò tọ́jú, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ní OCBN, kó bi í léèrè lónìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Àgbà kì í dúró de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.