Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Polarized

Kì í ṣe gbogbo awò ojú dúdú ni polarized. Awò dúdú lásán kàn ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni. Polarized ní tirẹ̀ ń ṣà á. Bí oòrùn bá ta sójú omi, èyí tó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ta padà máa ń gbọ̀n ní ìbú. Awò náà á dí èyí lọ́nà, á sì jẹ́ kí èyí tó ń gbọ̀n ní òòró kọjá.

Étienne-Louis Malus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kíyè sí irú ìmọ́lẹ̀ yìí ní 1808, lára fèrèsé ààfin Luxembourg ní Paris.

Ní odò Test ní Hampshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ni apẹja tó ń fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ bíi kòkòrò dẹ ẹja tráòtù kọ́kọ́ fi ń wá ẹja. Láìsí awò polarized, kìkì ìtànṣán ni yóò máa rí. Tó bá gbé e wọ̀, òkúta ìsàlẹ̀ odò yọ kedere, ẹ̀yìn ẹja náà yọ. Àwọ̀ bàbà ló dára jù fún irú odò tí kò jìn bẹ́ẹ̀. Eléérú, ojú òkun lọ́sàn-án gangan ló yẹ.

Kí ẹni tó fẹ́ ra awò polarized gbé e síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà ní títàn, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn nínú awò náà, tó tún mọ́lẹ̀ padà, ojúlówó ni.