Ẹ̀yìn Páálí Àwo Ni Ọjọ́ Orí Ẹ̀gbọ́n Mi Wà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé tiwa ní Pákátà, nílùú Ìlọrin, àwo orin ni a ní láti wò kí a tó mọ ọdún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Owó oṣù odindi ọdún méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ni ẹ̀gbọ́n mi ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 55 níbẹ̀, ó di kó máa lọ sílé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ mú ẹ̀rí ọjọ́ orí tó dájú wá. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ pé ọdún 1977 ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà? Wọn á ní kí ọmọ na ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí kejì. Bí ọwọ́ bá ti kan etí, ó ti tó ọmọ ilé ìwé nìyẹn, tíṣà á sì fi ojú díwọ̀n ọdún rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Alhaja, ìyá wa, kò ka ìwé, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ṣì pé. Ó ní irọ́ ni ìwé yẹn ń pa. Ó ní, "Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, àwo tuntun tí bàbá yín rà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni a fi jó látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ kẹta tó dé ìgboro ni bàbá yín rà á. Owó Údojì ló sì fi ra ẹ̀rọ tí a fi gbọ́ ọ."

Àwọn àgbà yóò rántí owó Údojì. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dábàá pé kí ìjọba fi kún owó òṣìṣẹ́. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó náà ti ń dé, òun àti èyí tí wọ́n jẹ sẹ́yìn. Àwọn kan fi ra ọ̀kadà, àwọn kan fi gbéyàwó, ọ̀pọ̀ ló sì fi ra rédíò àti ẹ̀rọ tí ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alhaja, owó Údojì sọ ìgbà tí ẹ̀rọ dé. Kò sọ ìgbà tí èmi dé." Òótọ́ ló sọ. Ọdún tí àwo yẹn jáde ni a gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá fa fóònù yọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi rí orin náà lórí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fún èèyàn ní orin gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo ojú fóònù: àwòrán kékeré bíi sítáǹbù, orúkọ olórin, orúkọ álúbọ́ọ̀mù, àti ọdún, 2014. Ó tún wá a lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n kọ 2009 síbẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín: "Á jẹ́ pé mo ju Dádì lọ!" Olórin tí mò ń wí yìí ti di olóògbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló ṣẹ̀.

Ta ló wá ṣẹ̀? Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ná, ká wo bí ìwé kíkà ṣe dé ara àwo.

Níbẹ̀rẹ̀, àwo tí ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń lò. Ó wúwo, ó tètè ń fọ́, ojú rẹ̀ kan kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Òun ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, fi kọ orin Yorùbá fún Zonophone láàrin ọdún 1920 sí 1930. Òun ni Túndé King, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú jùjú ní Èkó, lò fún Parlophone ní 1936. Òun náà ni Haruna Ishola fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin gígùn nígbà náà, àwo mẹ́ta mẹ́rin ni yóò rà, inú ìwé ńlá alápò ni wọ́n sì ń kó wọn sí, bíi ìwé tí à ń lẹ fọ́tò mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, álúbọ́ọ̀mù, ti wá. Páálí lásán ló máa ń wà lára ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di 1940 tí Alex Steinweiss, ayàwòrán ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sí i. Ní oṣù kẹfà 1948, Columbia kan náà gbé àwo ńlá tuntun jáde, èyí tí ojú rẹ̀ kan gba bí 20 ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé alápò kásẹ̀ ńlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù lára àwo.

Àfi bí ẹni pé tìtorí tiwa ni wọ́n ṣe ṣe àwo ńlá yìí. Ṣebí òde ni a ti ń kọrin! Olórin á ki baálé, á ki ìyàwó rẹ̀, á bọ́ sórí ọ̀rẹ́ tó tẹ̀lé e wá, ìlù kò ní dákẹ́. Ojú àwo kan wá di òde kan. Wọ́n á to orúkọ orin márùn-ún mẹ́fà sẹ́yìn páálí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ, orin kan tó lọ gbọọrọ lẹ ó gbọ́. Láìsí ẹ̀yìn páálí lọ́wọ́, ẹ ò lè mọ ibi tí wọ́n ti kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Páálí yìí kì í ṣe nǹkan kékeré o. Bí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó ló rí. Ti iwájú jẹ́ ti ayàwòrán. Ẹ rántí iṣẹ́ ọwọ́ Lemi Ghariokwu lára àwọn àwo Fẹlá, bẹ̀rẹ̀ láti orí Alagbon Close ní 1974. Ẹ̀yìn jẹ́ ti akọ̀wé: orúkọ orin, orúkọ àwọn onílù, ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, nígbà mìíràn àlàyé kúkúrú lórí ẹni tí wọ́n kì. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn olùfẹ́ orin sì mọ̀ ọ́n kà bí awakọ̀ ti ń mọ nọ́ńbà mọ́tò. DWAPS, ti Decca nìyẹn. NEMI, EMI ni. SALPS, ti Sunny Adé fúnra rẹ̀. KRLPS, ti Kollington Àyìnlá, ọmọ Ìlọtà, ìtòsí Ìlọrin wa níbí. Lára ọ̀pọ̀ wọn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn, ẹ ó rí lẹ́tà P kan nínú òbìrí, pẹ̀lú ọdún níwájú rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Róòmù ní 1961 ló mú àmì yẹn wá. Ọdún tí ohùn inú àwo kọ́kọ́ jáde sí ìgboro ló ń sọ.

Ẹnì kan lè ní, "Kí lọdún já mọ́? Ṣebí orin ni mo fẹ́ gbọ́." Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà tí Haruna Ishola gbé Oroki Social Club jáde ní 1971, tí Ebenezer Obey gbé Board Members jáde ní 1972, àwọn gbajúmọ̀ ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tí òkìkí wọn ń kàn láyé ìgbà náà, kó lọ gbọ́ wọn. Bí ọdún bá sọnù, ó ti di ìtàn tí kò ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ìlọrin ju ẹlòmíràn lọ, nítorí dadakúàdà. Orin Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó, ìtàn ló kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Odòlayé kọrin Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ẹni tí wọ́n pa ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, 1966. Orin tí a kọ fún Akíntọ́lá kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìyìn alágbára tó wà lórí oyè ni. Èyí tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀, arò ni. Ó tilẹ̀ gba ìgboyà kí èèyàn tó lè kọ ọ́ nígbà náà. Bí fóònù bá wá kọ 2012 sí abẹ́ méjèèjì, báwo ni ọmọ òní yóò ṣe mọ ìyàtọ̀?

Ó wá ku ká bi àwọn tí ń fún wa lórin báyìí. Ní 2015 ni Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejì 2021 ni Spotify dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn olórin gbé orin lọ síbẹ̀ léèrè bí ó ti rí. Ó ní fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kún: orúkọ olórin, orúkọ orin, ọdún tó jáde. Ohun tí ẹ bá kọ ni ayé yóò rí. Àyè kan wà fún ọdún àkọ́kọ́ tí orin jáde, àyè wà fún orúkọ ẹni tó lu ìlù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kánjú lè fò wọ́n, ọjọ́ tó ń kún fọ́ọ̀mù ló sì máa ń fi síbẹ̀. Bí ó bá kọ orúkọ olórin kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀rọ lè sọ ẹnì kan di èèyàn mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé Sikiru Ayinde, Ayinde Barrister àti Dókítà Barrister, ilé kan ni gbogbo wọn ń lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wà lọ́wọ́ òsì. Àwọn ọmọ olórin àti àwọn tó ra ẹ̀tọ́ àwo, nílé wọn ni páálí wà, wọn kò sì dà á kọ. Wọ́n á tún jìyà rẹ̀, nítorí 50 ọdún ni òfin Nàìjíríà fi dáàbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọdún àwo bàbá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí ogún rẹ̀ tán?

Àwọn ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe aláìmọ̀. Láti 2018 ni Spotify ti ń fi orúkọ ẹni tó kọ orin àti ẹni tó darí rẹ̀ hàn, fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ní 2023, Apple ṣe ètò kan lọ́tọ̀ fún orin àwọn àgbà Òyìnbó, irú ti Mozart àti Beethoven, nítorí wọ́n rí i pé orúkọ olórin àti orúkọ orin nìkan kò tó. Olùgbọ́ ń fẹ́ mọ ẹni tó kọ iṣẹ́ náà, ẹni tó darí rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tó lù ú. Mo bẹ̀ yín, kí ni dadakúàdà àti àpàlà fi yàtọ̀? Àwa náà ní ẹni tí a kì, ẹni tó lé orin, ẹni tó gbè é, àti ẹni tó fi ìlù sọ̀rọ̀. Discogs, tí Kevin Lewandowski dá sílẹ̀ ní 2000, fi hàn pé ó ṣe é ṣe: àwọn olùfẹ́ àwo lásán ló ń kọ nọ́ńbà, ọdún àti orúkọ onílù síbẹ̀, láti ẹ̀yìn páálí ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Pákátà. Ìgbà tí fóònù kọ̀, Alhaja ní ká wo inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ikán ti jẹ igun kan páálí náà lọ, ó ti jẹ ojú olórin dé imú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kù. Lẹ́tà P wà nínú òbìrí rẹ̀, pẹ̀lú 1975. Mo yọ àwo, mo wo bébà pupa àárín rẹ̀. 1975 náà ni.

Orúkọ onílù mẹ́sàn-án tún wà níbẹ̀. Ẹni keje, tó lu gángan, kàyéfì ló jẹ́ fún mi: bàbá tó ń tún aago ṣe ní òpópónà wa ni. Títí bàbá náà fi kú, aago la mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí náà, mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí àgbà mọ̀ pé bàbá wọn lu ìlù rí. Èyí àbúrò kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé páálí náà lọ́wọ́, kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá dì í mọ́ 1977, yóò gba owó oṣù ọdún méjì sí i. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, ta ló rán ọ?" Lẹ́yìn náà ló ní, "Mẹ́kà ni mo fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. N kò lè ru irọ́ débẹ̀." Ó lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kejì, Alhaja sì bá a búra sí 1975.

Ẹ̀yin tí àwo bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ má fi páálí dáná. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ da ọdún àti orúkọ onílù kọ sínú ìwé. Bí orin náà bá jẹ́ ti ẹbí yín, ẹ sọ fún ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tún fọ́ọ̀mù kún. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kóòtù dé, Alhaja ní òun fẹ́ gbọ́ orin yẹn. Ẹ̀rọ Údojì ti bàjẹ́ tipẹ́, nítorí náà fóònù ni a lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo: ohùn rẹ̀ dún ketekete. A tẹ́ páálí sórí tábìlì, mo ń ka orúkọ àwọn onílù fún Alhaja. Bí gángan ti wọlé, ó ní, "Baba Alágogo nìyẹn," ó sì na ọwọ́ sí fóònù, ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.