Kì í Ṣe Aláìgbọ́ràn, Kò Gbọ́ Ni: Ìtàn Àyẹ̀wò Etí Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó ti kó bá ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "aláìgbọ́ràn". Bí ọmọ bá kọ etí ikún sí ìyá rẹ̀, aláìgbọ́ràn ni. Bí etí ọmọ kò bá sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rárá, orúkọ kan náà la máa ń pè é kí a tó mọ̀. Àwa tí a dàgbà sí Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti fẹnu kora, mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan ní àdúgbò wa. Wọ́n á pè é títí, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní oríkunkun ló ń ṣe é, wọ́n á sì fi pankẹ́rẹ́ bá a wí. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin kí ẹnì kan tó ṣàkíyèsí pé tírélà tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa fò sókè, òun nìkan ni kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yẹn, tábìlì ìjọba mélòó ni ìyá rẹ̀ ti gbé e kọjá? Ó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọjọ́ ìbí. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti béèrè etí rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn bí aráyé ṣe kọ́ láti béèrè etí ọmọ tuntun, bí ìbéèrè náà ṣe dé Èkó, àti ibi tó ti ń sọnù.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Amẹ́ríkà

Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò lè sọ pé òun gbọ́ tàbí òun kò gbọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn dókítà ń ṣe kò ju kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tàbí kí wọ́n mi ṣaworo, kí wọ́n wo ojú ọmọ. Ní ọdún 1978, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, David Kemp, fi hàn pé etí tó dá ṣáṣá kì í kàn gba ohùn wọlé lásán: bí a bá rán ohùn kékeré sí i, inú etí náà á dá ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an padà. Láti inú ìmọ̀ yìí ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí ọmọ ti jáde. Ọmọ lè máa sùn lọ, ẹ̀rọ á rán ohùn, á sì tẹ́tí sí èsì. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń wo bí iṣan ṣe ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ.

Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ tí àjọ NIH pè jọ ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí wọ́n yẹ etí gbogbo ọmọ wò kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn ọmọ tí wọ́n tètè mọ̀ pé etí wọn kò gbọ́, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, ní èdè lẹ́nu tàbí lọ́wọ́ ju àwọn tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ lọ. Ohun tó wà nínú ewu nìyẹn. Kì í ṣe etí nìkan, èdè ni. Ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó máa wá èdè, ìbáà ṣe èdè ẹnu tàbí èdè ọwọ́.

Ohun tó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi ojú sí ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2000, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2010, kò gbé gbogbo rẹ̀ lé àjọ kan lọ́wọ́. Ó ní kí àjọ HRSA máa fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó, kí CDC máa kà, kó sì máa tọpa àwọn ọmọ, kí NIH máa ṣe ìwádìí. Ìlànà kan ló so gbogbo wọn pọ̀, tí wọ́n ń pè ní 1-3-6: kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò tiwọn ti kárí gbogbo ibẹ̀ nígbà tó fi máa di 2006. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham lónìí, wọ́n á fi àyẹ̀wò etí lọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè náà dé Èkó

Nílẹ̀ tiwa, ilé ìwé ló ṣáájú àyẹ̀wò. Ní 1960, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí etí òun fúnra rẹ̀ ti di láti kékeré, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti mọ̀ pé adití ni ló ń dé irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ta ló máa tètè mọ̀?

Dókítà àwọn ọmọdé kan, Bọ́lájókò Olúsànyà, dojú kọ ìbéèrè yìí ní Èkó. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo aboyún ló ń bímọ sí ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ń bí sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, àwọn mìíràn ń bí sílé. Bí ẹ̀rọ bá wà ní ọsibítù nìkan, kò ní rí àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọmọ ọsibítù àti ọmọ ilé àgbẹ̀bí ti máa ń pàdé: ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, èyí tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi àjẹsára mẹ́rin ní àárín ìlú Èkó. Èsì wọn jáde ní 2008 nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ọmọ 2,003 ni wọ́n yẹ̀ wò, ọjọ́ orí wọn kò sì ju bí ọjọ́ 18 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Nínú wọn, wọ́n ní kí 82 padà wá fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. 50 ló padà. Nínú 50 yẹn, etí 45 kò gbọ́ dáadáa. Ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Bí ẹni tó padà bá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án nínú wọn ló ní ìṣòro lóòótọ́. Àwọn 32 tí kò padà wá ńkọ́? Ẹ̀rọ ti ké gbàjarè lórí wọn, nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ ló gbé àwọn wọ̀nyí sọnù. Ojú ọ̀nà, láàárín tábìlì kan sí èkejì, ni wọ́n sọnù sí.

Ibi tí a wà báyìí

A kò lè sọ pé àjọ kò sí. Láti 2007 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé ti gba iṣẹ́ àjẹsára mọ́ra. Àjọ Ìkànìyàn ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn ẹni àkàndá ní 2011, òfin yẹn ló sì bí LASODA. Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìwé ìlànà lórí ìtọ́jú etí fún 2019 sí 2023. Kálukú ló ní tábìlì tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀.

Ẹ wá gbé e wá sí Boundary. Ìyá kan lè bímọ ní ìhà Àpápá, kó gba abẹ́rẹ́ ní ìhà Ajégúnlẹ̀, nítorí kò ju kéèyàn sọdá títì. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ méjì nìyẹn, Àpápá àti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Bí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀ ní ìhà kan, ta ló máa sọ fún ìhà kejì?

Ìdáhùn tí a rí nínú ìtàn yìí kò nílò ilé ńlá. Ìyá tó gba BCG fún ọmọ rẹ̀ ṣì ń padà bọ̀ fún abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí oṣù mẹ́ta tí ìlànà 1-3-6 ń wí. Bí ìlà kan bá wà nínú káàdì àjẹsára tó sọ pé "etí: padà wá", nọ́ọ̀sì tó bá gba káàdì náà, ní ìhà yòówù kó jẹ́, á rí i. Kò ní jẹ́ pé ìyá máa wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ mìíràn nítorí etí nìkan. Ìlera á fún ọmọ ní nọ́ńbà, ìkànìyàn á kà á, LASODA á mọ̀ ọ́n, ilé ìwé á máa retí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ìlera, ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí nídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín ni ìlà kan yẹn wà ju ọwọ́ wa lọ.

Ọmọ àdúgbò wa ti wà ní ilé ìwé àwọn adití báyìí. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá, ó sì máa ń fi wá rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ tiwa ń kólòlò. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a sọ fún un pé a fẹ́ kọ àròkọ yìí, ó ní etí ọmọ òun kọ́ ló ń dun òun mọ́. Ó ní pankẹ́rẹ́ ni.