Àṣẹ̀ṣẹ̀dé àti Àtètèdé Nídìí Kọ̀ǹpútà



Títí bàbá mi fi jáde láyé, 'aiye' àti 'enia' ni wọ́n ń kọ nínú lẹ́tà wọn sí mi, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pẹ́ tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Èmi tí ó jẹ́ pé 'ayé' àti 'ènìyàn' ni wọ́n fi kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ rò pé agídí ni. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni ó là mí lójú.

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Windows, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń ṣe, ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Ẹ̀dà ti 1995 ni ó gbé bọ́tìnnì Start wá sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ọdún 17 ni ó fi mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kí Windows 8 tó dé láìní i ní 2012. Àṣẹ̀ṣẹ̀dé kò pàdánù ohunkóhun, nítorí kò ní ohun tí yóò gbàgbé. Àtètèdé ni ó figbe ta, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ: ìmọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láì bi í. Ní 2013, Windows 8.1 dá bọ́tìnnì náà padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àtètèdé ń jàre. Windows XP jáde ní 2001, ọ̀pọ̀ sì kọ̀ láti fi í sílẹ̀, kódà lẹ́yìn ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014, tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró fún gbogbo ènìyàn. Bí ògiri bá lanu, aláǹgbá yóò wọ ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2017, WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó ìràpadà. Iṣẹ́ dàrú ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo: XP kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kó sí i, bí kò ṣe Windows 7 tí àwọn tó ni ín kò gba àtúnṣe tí ó ti jáde ní oṣù kẹta ọdún náà. Àìtọ́jú ni ewu. Ọjọ́ orí nìkan kọ́.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé ń béèrè pé, 'Kí ni n ó rí?' Àtètèdé ń béèrè pé, 'Kí ni n ó pàdánù?' Ìbéèrè méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí ó parí ẹjọ́: 'Ta ni yóò fara gbá a bí mo bá ṣìnà?' Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo da lẹ́tà bàbá mi kọ sínú kọ̀ǹpútà. 'Aiye' wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí wọ́n ti kọ ọ́ ni mo ṣe fi í sílẹ̀.